Mo Tilẹ̀kùn Mọ́ Ara Mi Síta

Détà ló fa gbogbo rẹ̀. Èyí tí mo ń rà pé kí ó gbé wa dé òpin oṣù kì í rí ìdajì oṣù mọ́, bẹ́ẹ̀ èmi àti ìyàwó mi kì í wo fíìmù, ọmọ wa ò sì fi ṣe ju iṣẹ́ ilé ìwé lọ. Ilé tí ayálégbé kún bámúbámú là ń gbé ní Mókọ́lá, n'Ìbàdàn: ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan láàárín, yàrá lọ́tùn-ún, yàrá lósì. Ọmọkùnrin kan wà ní yàrá ẹ̀yìn tí kò sẹ́ni tó mọ ibi iṣẹ́ rẹ̀, tí ìbọn sì máa ń dún nínú fíìmù rẹ̀ láti alẹ́ títí di ìdájí. Mo fura sí i. Mo ní màá fi hàn án pé ẹni tó ń kọ̀wé jẹun kì í ṣe òpè.

Ráútà wa, tòkunbọ̀ ni. Láti ṣe ètò ààbò rẹ̀, èèyàn á tẹ 192.168.1.1 sínú kọ̀ǹpútà, ojú ìwé kan á ṣí, á sì béèrè orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù. Orúkọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí tèmi ni admin. Pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀: admin. Ó yẹ kí àyà mi já níbẹ̀, nítorí ẹnikẹ́ni tó bá ti ráyè wọ Wáífáì náà kàn lè tẹ admin lẹ́ẹ̀mejì, ó ti di bàálé ilé mi nìyẹn. Inú mi ló wá dùn pé ó rọrùn láti rántí. N kò yí i padà.

Ó kan irú ààbò tí mo fẹ́. Wọ́n to orúkọ sílẹ̀: WEP, WPA, WPA2. Mo mú WEP, torí òun ló wà lókè, mo sì rò pé ẹni tó bá wà lókè ni àgbà. Àgbà ni lóòótọ́. Ọdún 1997 ló jáde pẹ̀lú ìlànà Wáífáì fúnra rẹ̀. Ní 2001, Fluhrer, Mantin àti Shamir ti kọ̀wé nípa ibi tó ti ya, nígbà tó sì fi di 2007, àwọn onímọ̀ kan ní Darmstadt nílẹ̀ Jámánì ti ń já a kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Ilẹ̀kùn páálí ni mo ń wá àgádágodo fún.

Àgádágodo náà gan-an tún ní ìtàn tirẹ̀. WEP kì í gba pásíwọ́ọ̀dù bó ṣe wuni. Lẹ́tà 5 tàbí 13 géérégé ló ń fẹ́. Mo ní kí n lo ohun tí n kò lè gbàgbé láé, mo bá kọ oríkì mi, Àjàní Ọmọ Ọ̀kín, pẹ̀lú àmì ohùn tó pé àti àmì ìsàlẹ̀ tó péye, nítorí èmi ni mo máa ń bá àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ mi jà bí wọ́n bá kọ Yorùbá láìfi àmì sí i. Ráútà kọ̀ ọ́. Mo tún un kọ, ó tún kọ̀ ọ́. Lẹ́tà orí bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà lásán ló mọ̀. Mo bọ́ àmì kúrò lára oríkì ara mi bí ìgbà tí wọ́n ń bọ́ aṣọ lára olè, mo ka lẹ́tà rẹ̀, méjìlá ni. Mo fi 1 sí ìparí. AjaniOmoOkin1. Mo lọ sùn bí ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ ọkùnrin.

Détà ṣì ń lọ.

Ìgbà yẹn ni mo kà níbì kan pé gbogbo ohun tó ń lo Wáífáì ló ní nọ́ńbà tirẹ̀, àmì méjìlá tí nọ́ńbà àti lẹ́tà pọ̀ nínú rẹ̀, àti pé èèyàn lè kọ orúkọ àwọn tó fẹ́ sínú ìwé kan nínú ráútà, kí ó má dá ẹlòmíì lóhùn. Mo mú ìwé kíkọ ọmọ mi kan, mo ń yí ilé ká bí ẹni tó ń ka èèyàn fún ìjọba. Mo kọ nọ́ńbà fóònù mi, ti ìyàwó mi, ti láàpútọ́ọ̀pù, ti tẹlifíṣọ̀n. Mo fara balẹ̀ tẹ gbogbo rẹ̀ sínú ráútà. Lẹ́yìn náà ó ní kí n yan ọ̀kan nínú méjì: kí òun gba àwọn tó wà nínú ìwé yìí, àbí kí òun kọ̀ wọ́n. N kò mọ ohun tó ṣe ojú mi. Mo yan kíkọ̀.

Lójú ẹsẹ̀, Wáífáì kú lórí gbogbo nǹkan tó jẹ́ tiwa. Nínú yàrá ẹ̀yìn, ìbọn ń dún.

Ìyàwó mi yọjú láti ibi ìdáná. "Olówó orí mi, kí lẹ tún fọwọ́ kàn?"

Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Kò sí ẹni tó ń bi ọkùnrin ní ìbéèrè kejì lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní orílẹ̀-èdè yìí. Ṣùgbọ́n láàpútọ́ọ̀pù tí mo fi ṣe é wà nínú àwọn tí mo lé jáde, nítorí náà n kò lè padà wọlé lọ tún un ṣe. Gbogbo ará ilé mi ni mo fi orúkọ lé síta, tí mo wá fàyè gba gbogbo ayé tó kù. Ihò kan wà lẹ́yìn ráútà tó kéré bí ojú abẹ́rẹ́. Èèyàn á ki nǹkan bọ̀ ọ́, á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ráútà á sì gbàgbé gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ ọ. Píìnì gèlè ìyàwó mi ni mo jí lò. Bí ó ṣe tẹ̀, n kò lè ṣàlàyé rẹ̀ fún un ní ọjọ́ Sunday.

Mo tún un ṣe, mo yan gbígbà lọ́tẹ̀ yìí. Gbogbo nǹkan wọlé àfi fóònù tuntun tí ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà. Mo yẹ nọ́ńbà rẹ̀ wò títí ojú fi ń ro mí. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé láti bí ọdún 2020, àwọn fóònù ìgbàlódé ti ń fi nọ́ńbà mìíràn pàdé Wáífáì, kí àwọn onífura má baà máa tọpa wọn. Ìyàwó mi nìkan ni ìwé mi dá dúró. Olè tó bá mọṣẹ́ ńkọ́? Inú afẹ́fẹ́ ni àwọn nọ́ńbà náà ń rìn ní gbangba, á kàn mú ọ̀kan, á gbé e wọ̀.

Ẹnì kan wá sọ fún mi pé kí n gba ẹ̀dà tuntun sọ́fítíwíà ráútà náà. Ìmọ̀ràn gidi ni. Mo bẹ̀rẹ̀. Ó kọ ọ́ gàdàgbà pé kí n má ṣe pa á títí yóò fi parí. N kò pa á. Iná ló lọ. Nígbà tí iná padà dé, ráútà ò dé mọ́.

Mo ra tuntun ní ìsọ̀ kan ní àdúgbò Queen Cinema. Òun ní WPA3, ti ọdún 2018. Mo ti gbọ́n, mo ti mọ̀ pé ti òkè kọ́ ló lágbára jù, mo mú WPA3 nìkan. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí mo fi ń jẹun kò gbọ́ irú èdè bẹ́ẹ̀ rí. Kò lè wọ Wáífáì wa. Ọ̀la sì ni mo gbọ́dọ̀ tẹ iṣẹ́ oníṣẹ́ jáde. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn, mo kan ilẹ̀kùn.

Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Dádì. Mo ti rí i pé ẹ ti pààrọ̀ ráútà."

Mo bi í bó ṣe mọ̀. Ó wolẹ̀. Ó ní ẹ má bínú, òun ò já nǹkan kan, òun ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n já. "Ohun tí Màmá máa ń pè yín láàárọ̀ ni mo tẹ̀. Ó ku lẹ́tà kan, mo fi 1 sí i."

Ìyá mi ń gbé lọ́dọ̀ wa. Ní òwúrọ̀ tí mo bá ti dọ̀bálẹ̀ kí i, inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ti ń kì mí, ohùn rẹ̀ sì ń dé ojú títì.

Kí ìrẹsì tó jinná, ọmọ yìí ti tún ráútà ṣe tán. Ó so WPA2 mọ́ WPA3 kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lè wọlé, ó pààrọ̀ admin, ó ya ọ̀nà lọ́tọ̀ fún àlejò. Ó pa WPS, nọ́ńbà ẹlẹ́yọ mẹ́jọ tí èèyàn lè fi wọlé dípò pásíwọ́ọ̀dù, tí èmi rò pé ó le jù láti mọ̀. Ó ní ní 2011 ni Stefan Viehböck ti fi hàn pé ráútà máa ń jẹ́wọ́ bí mẹ́rin àkọ́kọ́ bá ti tọ̀nà, ẹyọ tó gbẹ̀yìn sì kàn ń jẹ́rìí sí àwọn ìyókù ni, tí ẹni tó ń wá a kò fi ní gbìyànjú ju 11,000 lọ. Ó ní kí n wá ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí kò bá ara wọn tan, kí n so wọ́n pọ̀. Mo yan ìjàpá, agolo, kànga, sánmà. Mo sanwó fún un, mo sì fún un ní ọ̀nà àlejò, nítorí ojú ń tì mí.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, àbúrò mi ní London fi fóònù ránṣẹ́ sí ìyá wa kí wọ́n lè máa rí ojú ara wọn. Ó yẹ kí n fi Màmá sí ọ̀nà àlejò. Mo ní ìyá mi kì í ṣe àlejò nílé mi. Mo ń pe pásíwọ́ọ̀dù náà sí i létí, mo ń tún un pè, òun náà ń tẹ̀lé mi, títí ó fi mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ní ọ̀rọ̀ náà dùn, ó jọ ọ̀rọ̀ àwọn àgbà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo dọ̀bálẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Màmá gbé ohùn sókè: "Àjàní ọmọ Ọ̀kín, ìjàpá, agolo, kànga, sánmà!"

Ilẹ̀kùn ṣí lọ́tùn-ún, ó ṣí lósì. Ìyá elékọ ní kí Màmá jọ̀ọ́ tún un kì, ó ní òun ò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí. Màmá tún un kì, díẹ̀díẹ̀, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.