Dìmọ́réèjì Ti Dì Mọ́ Wọn!

Ẹ bá mi kí Bàbá Kọ̀ńténà o! Ẹ má ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, àdúgbò wo ni kò ní tirẹ̀? Òun ló ra ẹrù ní Ṣáínà, tí ẹrù lo ohun tó lé ní oṣù kan lórí òkun, tí kò sì rántí kó ìwé rẹ̀ jọ àfìgbà tí ọkọ̀ fọn fèrè ní Àpápá. Oyún pé oṣù mẹ́sàn-án, ọmọ ké, bàbá ọmọ wá ń bèèrè ibi tí wọ́n ti ń ta ìlédìí!

Ẹni tó sọ owó ìdádúró kọ̀ńténà ní dìmọ́réèjì gbọ́ Yorùbá jù mí lọ. Iṣẹ́ tó ń ṣe náà ló ń jẹ́: ó ń dì mọ́ ni. Ọjọ́ ọ̀fẹ́ tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi fún yín bá ti tán, tí kọ̀ńténà wọn ṣì jókòó sí èbúté, yóò dì mọ́ yín bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Bó ṣe ń pẹ́ ló ń gbówó lórí. Kò mọ ọjọ́ Àìkú, kò mọ Iléyá. Bí ẹ ti ń jẹ àgbò, lòun ń jẹ yín. Àwọn tó ni ọgbà tí wọ́n sọ kọ̀ńténà kalẹ̀ sí náà ní owó ilẹ̀ tiwọn, ọjọ́ 3 péré sì ni ọ̀fẹ́ tiwọn. Ayálégbé kan, onílé méjì!

Àbúrò dìmọ́réèjì wà níta, Dìtẹ́ńṣàn. Ìyẹn kì í dì mọ́ni, ṣe ló ń dìtẹ̀ mọ́ni. Ẹ ti kó ẹrù délé, ẹ ti ń dáná àjọyọ̀, kọ̀ńténà òfìfo wá dúró sẹ́yìnkùlé, adìyẹ ti ń yé sínú rẹ̀. Wọ́n fi àwo gbé ọbẹ̀ fún yín, ẹ lá ọbẹ̀ tán, ẹ gbé àwo pamọ́. Aláwo kò bínú o. Owó ìdógò yín wà lọ́wọ́ rẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń bù ú jẹ.

Kí n má purọ́ mọ́ Bàbá Kọ̀ńténà, ọ̀nà èbúté náà lẹ́jọ́ tirẹ̀. Láti oṣù Kejì ọdún 2021 ni wọ́n ti ní kí tírélà máa dúró de ìpè kó tó wọ èbúté, Ètò ni wọ́n sì sọ ìlànà náà. Èèyàn kì í sọ ọmọ ní Ètò bí ilé bá wà létò tẹ́lẹ̀. Ẹ tún wo ajẹ́ńtì rẹ̀, Ọ̀gá Ó-Kù-Díẹ̀. Ẹ pè é lówùúrọ̀, ó kù díẹ̀. Ẹ pè é lóṣù tó ń bọ̀, ó kù díẹ̀. Díẹ̀ yẹn gùn ju afárá Third Mainland lọ!

Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín ńkọ́? Ẹ ń ná ata rodo títí omijé fi ń bọ́ lójú ìyá aláta, ṣùgbọ́n iye ọjọ́ ọ̀fẹ́ tí wọ́n bá fún yín, ẹ ṣé lẹ máa ń sọ. Ẹ ná an o, kí ọkọ̀ tó ṣí. Ẹ ṣí Form M, ìwé ìkéde ẹrù tó ń wọlé, kí ẹ tó rán ẹrù, torí Kọ́sítọ́ọ̀mù kì í fi orúkọ bàbá yín gbé PAAR, ìwé àyẹ̀wò ẹrù tiwọn, jáde. Kí ẹ sì sọ fún bọ̀dá yín ní London kó yé kọ “Mummy Bọ́lá” sójú ibi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ ẹni tó ni ẹrù. Ta ló ní káàdì ìdánimọ̀ tó ń jẹ́ Mummy Bọ́lá?

Bó bá jẹ́ pé àwọn èbúté ló fa ìdádúró, Nigerian Shippers' Council wà fún ẹjọ́. Ìwé tó ní déètì ni kí ẹ kó lọ, ẹ fi ẹkún sílé.

Ìwọ tí o ti fi kọ̀ńténà oníkọ̀ńténà ṣe ṣọ́ọ̀bù, tí o tiẹ̀ ti kùn ún ní búlúù, dákun, kó káńtà jáde lónìí, kí o pe onítírélà. Wọ́n ṣì ń ka ọjọ́ o.