Ìmọ̀ràn fún Òbí àti Ọ̀dọ́langba Tí Wọ́n Jọ Há sí Ojú Ọ̀nà Ajah

Láàárín àwọn lẹ́tà tó ń wọlé sí abala ìmọ̀ràn yìí, àwọn tí omijé àti ẹ̀rín jọ pọ̀ jù nínú wọn ni èyí tí àwọn òbí àti ọmọ wọn kọ lẹ́yìn tí wọ́n jọ lọ sí agbègbè Lekki àti Ajah láti kí àwọn ọ̀rẹ́ àtijọ́ òbí. Ọ̀rẹ́ àtijọ́, bí abala yìí ti túmọ̀ rẹ̀, ni ẹni tó mọ òbí kí òbí tó di òbí, tó ṣì rántí orúkọ ìnagijẹ tí wọ́n ń pè é nílé ìwé, tí kò sì rí ìdí kankan tó fi yẹ kó pa á mọ́; ọ̀dọ́langba sì ni ọmọ tó ti lé ní ọdún méjìlá, tí kò tíì pé ogún, tó gbà tọkàntọkàn pé ọjọ́ tí wọ́n bí òun gan-an ni ayé àwọn òbí òun bẹ̀rẹ̀. Ojú ọ̀nà ló ń dá kún wàhálà àwọn méjèèjì. Ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ni ilẹ̀ Lekki, ọ̀sà wà ní àríwá rẹ̀, òkun Àtìláńtíìkì wà ní gúúsù, nítorí náà òpópónà kan, ìyẹn òpópónà Lekki sí Ẹ̀pẹ́ tí wọ́n là ní àwọn ọdún 1980, tí gígùn rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 50 kìlómítà, ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọkọ̀ tó ń wọ ibẹ̀ àti àwọn tó ń jáde. Abala yìí gbà pé ẹni tó bá gbọ́n lè jèrè nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà náà, ìyẹn ìgbà tí ọkọ̀ bá tò tẹ̀lé ara wọn tí wọn kò lè sún ju ìwọ̀nba lọ, nítorí pé inú rẹ̀ nìkan ni ọ̀dọ́langba kì í ti í rí ilẹ̀kùn tì mọ́ òbí lójú.

Ìyá kan láti Agége kọ̀wé pé ọmọkùnrin òun, ọmọ ọdún 15, kò sọ gbólóhùn kan láti ẹnu ọ̀nà ilé àwọn títí àwọn fi sọ̀ kalẹ̀ ní Badore, níbi tí ọ̀rẹ́ òun láti ilé ẹ̀kọ́ gíga ń gbé, nítorí pé ó ki ohun ìgbọ́rin bọ etí méjèèjì. Ó ń béèrè bóyá kí òun já a yọ nígbà mìíràn. Rárá o. Ẹni tó bá fipá yọ ohun ìgbọ́rin létí ọ̀dọ́langba gba etí lásán ni, kò tíì gba ọmọ. Ohun tó yẹ kí ìyá yìí ṣe ni pé, ní alẹ́ tó ṣáájú ìrìn-àjò, kó gbàgbé ṣájà ọkọ̀ sílé. Àwọn olùkọ́ ìwà rere lè pe èyí ní ẹ̀tàn, ṣùgbọ́n àgbà tó bá ti lé ní ogójì ọdún ní ẹ̀tọ́ láti gbàgbé nǹkan, kò sì sí òfin kankan tó ní kó má yan ohun tí yóò gbàgbé. Fóònù náà yóò ṣì lágbára lórí afárá Third Mainland, tí gígùn rẹ̀ lé ní 11 kìlómítà, yóò máa mí gúlegúle ní Ìkàtẹ́, yóò sì gbẹ́mìí mì láàárín ibùdókọ̀ Jákàńdè àti ti Chevron.

Kí ìyá náà má ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nígbà náà. Kó sọ gíláàsì ọkọ̀ kalẹ̀, kó ra ìpékeré lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri láàárín ọkọ̀, kó sì máa dá a jẹ kí ó máa dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Kò ní pẹ́ tí yóò fi gbọ́ "Mọ́mì, kí lẹ ń jẹ?", èyí tí í ṣe gbólóhùn àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, ìyá kò sì gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ ìdánwò WAEC dá a lóhùn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò tún di ọjọ́ mìíràn. Kó na ìpékeré sí i, kó bẹ̀rẹ̀ ìtàn kan nípa ọ̀rẹ́ tí wọ́n ń lọ kí, irú bíi ti ọjọ́ tí àwọn méjèèjì fo ògiri ilé ìbùgbé akẹ́kọ̀ọ́ tí ọ̀gá sì ń dúró dè wọ́n nísàlẹ̀, kó sì gbẹ́nu dúró níbi tí ìtàn náà ti dùn jù, kó wá kọjú sí ọ̀nà bí ẹni tí kò sọ nǹkan kan. Bí ọ̀nà bá tilẹ̀ wá dí pátápátá ní Chevron, ọgbà ìtọ́jú igbó àti ẹranko tí àjọ Nigerian Conservation Foundation dá sílẹ̀ ní 1990 wà níbẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó hẹ́kítà 78, wọ́n sì ta afárá onímítà 401 sókè láàárín àwọn igi inú rẹ̀, èyí tó máa ń mì bí ènìyàn bá ń gorí rẹ̀. Ọmọ tó bá fi ọwọ́ méjèèjì di okùn afárá náà mú kò ní ọwọ́ kẹta tí yóò fi tẹ fóònù. Ìkìlọ̀ kan péré ló kù: ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ìyá lè gbàgbé ṣájà, nítorí pé ọmọ yóò gbé páwà báǹkì dání nígbà kejì.

Lẹ́tà tó tẹ̀ lé èyí wá láti ọwọ́ ọmọbìnrin ọdún 16 kan ní Ìkòròdú, tó ní bàbá òun ń nàka sí ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan láti Sandfill lọ, tó sì ń sọ pé "Omi ni gbogbo ibí yìí tẹ́lẹ̀," títí ọ̀rọ̀ náà fi fẹ́ẹ́ sọ òun di wèrè. Ó fẹ́ mọ ọ̀nà tí òun lè fi pa bàbá òun lẹ́nu mọ́ láìṣe àfojúdi. Kí abala yìí tó dá a lóhùn, ó tọ́ kó fún bàbá náà ní ẹ̀tọ́ rẹ̀: òtítọ́ ló pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ilẹ̀ tí kò ga ju òkun lọ púpọ̀ ni ilẹ̀ Lekki, irà àti àbàtà ni ọ̀pọ̀ rẹ̀, iyanrìn ni wọ́n sì fi kún púpọ̀ nínú ibi tí ilé olówó gọbọi wà lónìí, ìdí nìyí tí omi fi máa ń padà wá bẹ ilé rẹ̀ wò ní oṣù Kẹfà àti oṣù Keje láìkọ́kọ́ fi tó onílé létí. Ohun tí bàbá náà ń ṣe tí kò dára ni pé ó ń sọ ìtàn ní ẹyọ ẹyọ, kò sọ èyí tó lórí tó nírù.

Lẹ́tà ọmọ náà fi hàn pé Ìlàsàn ni ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ ń gbé, nínú àwọn ilé alájàmélòó kan tí wọ́n ń pè ní Jákàńdè, àti pé Màrókò ni bàbá àti ọ̀rẹ́ náà ti jọ dàgbà. Kókó ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Màrókò jẹ́ àdúgbò ńlá kan tó wà láàárín Victoria Island àti Lekki, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́, oníṣòwò kékeré àti apẹja ń gbé. Ní oṣù Keje ọdún 1990, lábẹ́ ìjọba ológun tí Raji Rasaki ṣe gómìnà rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Èkó, wọ́n fún wọn ní ọjọ́ méje péré láti kó ẹrù wọn, lẹ́yìn náà ni katakata wọlé, wọ́n sì wó àdúgbò náà palẹ̀. Ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ fi iye àwọn tí wọ́n lé síta sí nǹkan bí 300,000. Díẹ̀ nínú àwọn tó ní ilé níbẹ̀ ni wọ́n fún ní iyàrá nínú àwọn ilé ìjọba ní Ìlàsàn àti Ìkọ́tà, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ kò tíì parí, àwọn yòókù sì wá ibi tí wọ́n lè forí pamọ́ sí, tí ọ̀rẹ́ àti ọ̀rẹ́ fi túká, tí ẹlòmíràn kò sì rí aládùúgbò rẹ̀ mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ilé ńláńlá agbègbè Oniru ló dúró sórí apá kan nínú ilẹ̀ náà báyìí. Nítorí náà, bí bàbá kan bá ń tọ́ka sí ilẹ̀, tó sì ń sọ̀rọ̀ omi, ó lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ omi ló rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti sọ.

Ìmọ̀ràn fún ọmọ náà wá rí báyìí. Kó gbé òfin kalẹ̀ nínú ọkọ̀ pé bàbá yóò máa san igba náírà fún gbogbo ìgbà tó bá tún sọ̀rọ̀ omi, ṣùgbọ́n kí ìtàn Màrókò jẹ́ ọ̀fẹ́. Bàbá tó bá mọ owó ṣọ́ yóò yára mọ èyí tó yẹ kó sọ. Bí wọ́n bá dé Ìlàsàn, kó jókòó sáàárín bàbá àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, kó sì bi wọ́n léèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ló kọ́kọ́ sá lọ́jọ́ tí katakata dé?" Yóò rí i pé bàbá tó ti ń sọ láti ọjọ́ pípẹ́ pé òun dúró níwájú katakata yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ omi tútù. Kó ní ìwé kékeré lọ́wọ́, nítorí pé ohun tí àwọn méjèèjì bá jọ fara mọ́ ló yẹ kó kọ sílẹ̀. Èyí tí wọ́n bá ń jà sí ni yóò fi ṣe eré.

Bàbá kan láti Abẹ́òkúta wá fi ẹjọ́ sùn pé ọmọkùnrin òun gbọ́ràn sí Google Maps lẹ́nu ju òun lọ, bẹ́ẹ̀ òun ti mọ ọ̀nà Ajah kí wọ́n tó bí i. Ìwádìí inú lẹ́tà rẹ̀ fi hàn pé àpèjúwe tó tẹ̀ lé, róńdábáòtù ló ń kà nínú rẹ̀, ìyẹn oríta róbótó tí ọkọ̀ ń yí po, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti fa púpọ̀ nínú wọn tu tí wọ́n sì fi iná adarí ọkọ̀ rọ́pò wọn. Nígbà tó sì dé Ajah, tó yẹ kó gba ìsàlẹ̀ kọ́ sí ọ̀nà Addo, ó gun orí afárá tí wọ́n ṣí ní 2017 nígbà tí ìpínlẹ̀ Èkó pé àádọ́ta ọdún, afárá náà kò sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí ọ̀nà tó ń wá, ó di Sangotedo, níwájú Ajah. Abala yìí dá bàbá lẹ́bi, ṣùgbọ́n kò dá ọmọ láre, nítorí pé ẹ̀rọ náà lè darí ènìyàn gba inú ẹsiteeti tí wọ́n ti ti géètì rẹ̀ pa, tí ẹ̀ṣọ́ yóò sì béèrè ọ̀rọ̀ àṣírí tí Google kò mọ̀. Kí àwọn méjèèjì ta tẹ́tẹ́: bí ọ̀nà bàbá bá yá jù, kí ọmọ fọ ọkọ̀, bí ti ẹ̀rọ bá yá jù, kí bàbá jẹ́ kí ọmọ yan orin títí wọn yóò fi padà dé Abẹ́òkúta, ìyà tí àwọn onímọ̀ gbà pé ó le ju ọkọ̀ fífọ̀ lọ. Ohun kan ni kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má dábàá, ìyẹn ni pé kí ọkọ̀ dojú kọ àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní wọ́n-wéè, nítorí pé lábẹ́ òfin ìrìnnà ìpínlẹ̀ Èkó, ìjọba lè gba ọkọ̀ náà pátápátá, ọ̀rẹ́ àtijọ́ kò sì ní ọkọ̀ tí yóò fi san án.

Lẹ́tà obìnrin kan tó ń gbàlejò ní Langbasa kúrú, èsì rẹ̀ náà yóò kúrú. Ó ní àwọn ọ̀rẹ́ òun máa ń sọ pé àwọn ti dé Chevron, ọbẹ̀ òun á sì tutù lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó dé. Kó mọ̀ pé ẹni tó ní òun ti dé Chevron ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ nílé. Kó pe ọ̀dọ́langba inú ọkọ̀, kó bi í ní ohun tó ń rí lójú fèrèsé, nítorí pé ọmọ kì í gbà láti bá àgbà purọ́ bí kò bá rí ohun gbà nínú rẹ̀. Bí ọmọ bá ti dárúkọ ibùdókọ̀ Abraham Adesanya, kó gbé omi ẹ̀bà kaná. Bí àyè bá sì wà, kó bi ọmọ náà bóyá ó mọ̀ pé ènìyàn ni Abraham Adesanya, pé olórí ẹgbẹ́ Afẹ́nifẹ́re ti àwọn Yorùbá ni nígbà ayé rẹ̀, pé wọ́n yìnbọn sí ọkọ̀ rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1997 nítorí pé ó ń bá ìjọba ológun jà, ọta kò sì bà á. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́langba ló rò pé ibùdókọ̀ ni wọ́n bí i sí.

Lẹ́tà tó kẹ́yìn ni èyí tó ti pẹ́ jù lórí tábìlì, nítorí pé ẹ̀rù ń ba abala yìí láti dáhùn rẹ̀. Ọmọkùnrin ọdún 13 kan kọ̀wé láti Ìbàdàn pé ọ̀rẹ́ ìyá òun kan ní Ajah di òun mú, ó ní "Ṣé o mọ̀ mí? Èmi ni mo gbé ẹ pọ̀n nígbà tó o ń sunkún," òun sì dọ̀bálẹ̀, òun ní "Ẹ ṣeun mà, ẹ kú ìtọ́jú mi," ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ obìnrin náà nínú débi pé ó fún òun ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà. Wọn kò tíì kọjá ẹsiteeti VGC nígbà tí ìyá òun ní kí òun gbé owó náà wá kí ìyá bá òun tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé afárá Lekki sí Ìkòyí, tí wọ́n ṣí ní 2013, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà kan àti díẹ̀, tí wọ́n sì ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ gbà á kọjá, inú owó náà ni ìyá òun ti yọ owó ọ̀nà, ó sì fi ìyókù ra bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà, tí òun náà jẹ nínú rẹ̀.

Gbogbo ẹ̀rí ni abala yìí ti gbé yẹ̀ wò, títí kan ti bọ̀ọ̀lì. Ìdájọ́ nìyí: ìyá ló gbé ọmọ gun afárá, owó afárá jẹ́ gbèsè ìyá, bọ̀ọ̀lì tí ọmọ jẹ ni kí wọ́n yọ kúrò, ìyókù ẹgbẹ̀rún márùn-ún náà jẹ́ ti ọmọ, kí ìyá san án kí oṣù tó parí.