Wọ́n Dá Aṣọ fún Làpálàpá

Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Nígbà tí wọ́n pa òwe yìí, ẹ̀tẹ̀ kò gbóògùn. Ẹni tó bá mú, ẹ̀yìn odi ló ń lọ gbé. Ayé ti yí padà. Láti ọdún 1981 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fọwọ́ sí àpapọ̀ oògùn tó ń wo ẹ̀tẹ̀ sàn, ọ̀fẹ́ sì ni aláìsàn ń gbà á láti ọdún 1995. Làpálàpá ló wá di àrùn tí apá kò ká mọ́, nítorí ó ti di ẹni ńlá: wọ́n ń gé rìbọ́ọ̀nù fún un, àwọn oníròyìn ń ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n sì ń dá aṣọ fún un. Ẹni tó bá fẹ́ rí i kò ní láti rìn jìnnà. Kó yẹ ọ̀rọ̀ ilé-ìwé wò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Ẹ̀tẹ̀ tó wà nílẹ̀ kò fara pamọ́. Àjọ UNICEF sọ pé bí a bá kó ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin jọ, láti ọmọ ọdún méje dé mẹ́rìnlá, bíi mẹ́ta nínú wọn ni kò lè ka gbólóhùn kúkurú kan kó yé wọn, wọn kò sì lè ṣe ìṣirò kékeré. Ọmọ tó ń lọ sí ilé-ìwé wà nínú wọn o.

Ní Ìlá-Ọ̀ràngún ní Ọ̀ṣun, níbi tí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba ti ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́ NCE kì í kúrò láìgbọ́ nípa ìlànà tí àwọn òyìnbó ń pè ní essentialism. Ìlànà kòṣeémánìí ni. Ní ọdún 1938 ni William Bagley, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé ilé-ìwé ìlú wọn ti ń ṣeré jù: ìwé kíkà, ìwé kíkọ, ìṣirò, ìtàn àti ìkóra-ẹni-níjàánu ti ń bọ́ sọnù, olùkọ́ tó yẹ kó jẹ́ olórí kíláàsì sì ti di ẹni tó ń tẹ̀lé ọmọdé káàkiri. Akẹ́kọ̀ọ́ á há gbogbo rẹ̀ sórí, á kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìdánwò, á sì gba máàkì. Ohun tí kò sí nínú nóòtì tó há sórí ni pé wọ́n ti ń ṣe ẹ̀kọ́ náà nínú ilé kan ní Ìlá kí Bagley tó mú gègé.

Ilé Fákẹ́yẹ, ìdílé àwọn agbẹ́gilére, ni. Ilé yìí ló bí Lámídì Ọlọ́nàdé Fákẹ́yẹ, ẹni tó gbẹ́ ère Odùduwà tó wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, tó sì di olóògbé ní ọdún 2009. Ipele mẹ́rin ni iṣẹ́ ère ní lọ́dọ̀ àwọn agbẹ́gilére ilẹ̀ yẹn. Ọnà lílé ni àkọ́kọ́: àáké ni wọ́n fi ń là á, títí tí orí, ìdí àti ẹsẹ̀ ère yóò fi hàn lára igi. Alétúnlé tẹ̀ lé e, tí ojú, etí àti ọwọ́ yóò ti máa yọ. Lẹ́yìn náà ni dídán. Ìgbẹ̀yìn ni fínfín, tí ọ̀bẹ yóò wá fa ilà sí ojú ère, tí yóò sì di irun orí rẹ̀. Kò sí ọ̀gá tó jẹ́ kí ọmọ-iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí fínfín, torí igi tí a kò tíì lé, kí ni a fẹ́ fín sí i lára?

Fákẹ́yẹ fúnra rẹ̀ ti kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tó rí iṣẹ́ ọwọ́ George Bándélé, ọmọ Aréògún ará Òsì, ó mọ̀ pé iṣẹ́ kù. Ó padà di ọmọ-iṣẹ́ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, níbi tí Fádà Kevin Carroll kó àwọn oníṣẹ́-ọnà jọ sí lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Ọmọ agbẹ́gilére padà sídìí àáké, kò sì tijú.

Ìjọba Ọ̀ṣun kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Fínfín ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí Ráúfù Arẹ́gbẹ́ṣọlá di gómìnà ní oṣù kọkànlá ọdún 2010, ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ká a lára, ẹnikẹ́ni kò lè jiyàn ìyẹn. Oúnjẹ ọ̀fẹ́ tó ń fún àwọn ọmọ kéékèèké láti ọdún 2012 kì í ṣe làpálàpá rárá. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ìyókù ńkọ́? Wọ́n tún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama tò, wọ́n pè wọ́n ní elementary, middle àti high. Wọ́n da àwọn ilé-ìwé pọ̀ mọ́ra. Wọ́n dá aṣọ kan náà fún gbogbo ìpínlẹ̀, tó fi jẹ́ pé ọmọ Ìlá, ọmọ Òkè-Ìlá àti ọmọ Ọ̀rà kò yàtọ̀ sí ọmọ Ìwó mọ́. Wọ́n kó àwọn ọmọ lọ sí pápá, wọ́n kọ́ wọn bí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ṣe lè tẹ̀ kí wọ́n sì nà pọ̀ láti di àwòrán. Ó dùn ún wò.

Ní ọdún 2013 ni Ọpọ́n Ìmọ̀ dé, tábúlẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kó ìwé ẹ̀kọ́, ìbéèrè ìdánwò àtijọ́, àní ẹ̀kọ́ Ifá pàápàá, sí nínú. Ọ̀kẹ́ méje ààbọ̀, ìyẹn 150,000, ni wọ́n ní àwọn yóò pín. Ọpọ́n Ifá ni wọ́n ti mú orúkọ náà, orúkọ tó dára ni. Àmọ́ ẹ bi babaláwo èyíkéyìí ní Ìlá bóyá ọpọ́n ló kọ́kọ́ rà kó tó kọ́ odù.

Láàárín ọdún 2015 sí 2018, olùkọ́ tó wà ní ìpele kẹjọ sókè kò rí owó oṣù rẹ̀ gbà pé; àwọn àgbà inú wọn ń gba ìdajì. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, Ààrẹ Buhari wá ṣí ilé-ìwé girama ńlá tuntun ní Òṣogbo. Ilé náà rẹwà. Ẹni tí yóò dúró níwájú kíláàsì inú rẹ̀ ń fi gbèsè ra gààrí.

Nígbà tó di 2020, Gbóyèga Oyètọ́lá tó rọ́pò Arẹ́gbẹ́ṣọlá ní kí gbogbo rẹ̀ padà sí bó ṣe wà: orúkọ àtijọ́, aṣọ àtijọ́, ètò 6-3-3-4. Àwọn aránṣọ kò bínú.

Àwọn kan wá ń pariwo báyìí pé ká padà sídìí kòṣeémánìí. Ó yẹ kí inú ẹni dùn, àfi ìgbà tí a gbọ́ ohun tí wọ́n mú. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Túnjí Alausa, kéde pé ìjọba àpapọ̀ ti wọ́gi lé ìlànà ọdún 2022 tó ní kí wọ́n fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rí rẹ̀ ni pé ibi tí wọ́n ti ń lo èdè abínibí jù ni wọ́n ti ń fìdí rẹmi jù nínú ìdánwò àṣejáde. Gẹ̀ẹ́sì wá di kòṣeémánìí.

Oògùn àrùn yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, Ọ̀ṣun yìí náà ni wọ́n sì ti dán an wò. Ní oṣù kìíní ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ìwé St Stephen's “A” ní Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ ọ̀wọ́ kan ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko; Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́, olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dunjú ló sì ń kọ́ wọn. Àwọn yòókù bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta bí àṣà. Nígbà tí wọ́n yẹ iṣẹ́ wọn wò, àwọn ọmọ Yorùbá ló ta yọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì gan-an. Kò sí tábúlẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Ìwé tí wọ́n kọ ní Yorùbá ni, àti olùkọ́ tí wọ́n múra sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà. Fáfúnwá di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ lọ́dún 1990, ó sì kú ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, ó ku bí oṣù kan ààbọ̀ kí ìjọba tó dá aṣọ tuntun ó dé.

Lórí ọ̀rọ̀ olùkọ́ yìí, ìjọba Oyètọ́lá gba ẹgbẹ̀rún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, 1,500, síṣẹ́ ní ọdún 2022. Adémọ́lá Adélékè gbàjọba ní oṣù kọkànlá ọdún náà, ó sì wọ́gi lé gbogbo ìgbanisíṣẹ́ tó wáyé láti ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù keje, ọjọ́ kejì ìbò. Ìhà kan ní wọ́n fi ìkánjú gbà wọ́n, ìhà kejì ní òṣèlú ni. Ọmọ ìwé kejì tó ń dúró de ẹni tí yóò kọ́ ọ ní a, b, d kò dìbò fún ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì.