Ìlànà fún Ẹni Tó Fẹ́ Ba Máṣìnnì Ìránṣọ Jẹ́ Kí Ojúde Ọba Tó Pé

Bí ọdún Iléyá bá ti ku oṣù kan, gbogbo ẹni tó ní máṣìnnì nílé, láti Òkè-Àgbò ní Ìjẹ̀bú-Igbó títí dé Àbígí, ló ń di télọ̀. Aṣọ ẹgbẹ́ ló pọ̀ nílẹ̀. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ti yan ohun tí wọ́n máa wọ̀ lọ síwájú ààfin Awùjalẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ kẹta ọdún, àwọn télọ̀ gidi sì ti ń dá aṣọ padà, wọ́n ní ọwọ́ àwọn kún. Àyè tìrẹ ti ṣí nìyẹn, ìwọ ọ̀mọ̀ràn tí kò kọ́ṣẹ́, tí kò ṣe fírídọ̀ọ̀mù, tó jẹ́ pé orí fóònù ló ti wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Fọkàn bá mi lọ. Bí o bá tẹ̀ lé ohun tí mo fẹ́ wí, máṣìnnì yẹn kò ní fojú kan ọdún.

Ọjà la ti ń bẹ̀rẹ̀. Ra tòkunbọ̀ kékeré tó ti Jàpáànù wá, funfun, tó ń dán. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ gbangba pé 100 fólítì ló ń jẹ, nítorí bẹ́ẹ̀ ni iná tiwọn ṣe rí lọ́hùn-ún. Tiwa tó 230. Àwọn ojo a máa ra tiransífọ́mà tí yóò rẹ iná sílẹ̀ kó tó wọnú ẹ̀rọ. Má dá wọn lóhùn. Iná tí kì í dúró pẹ́, ìgbà wo ló fẹ́ ráyè pa nǹkan lára? Kì í bọ ihò iná, kí o tẹ pẹ́dàlì. Yóò sáré bí ẹni tí ajá ń lé, òórùn ike tó ń jóná yóò sì tẹ̀ lé e. Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ tó ń gbé yàrá kan ní Àgó-Ìwòyè lè ṣe èyí láìdìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Bí tòkunbọ̀ bá ti kú, ẹlẹ́sẹ̀ ló kù. Bí ìbò bá sún mọ́, àwọn olóṣèlú a máa pín in, wọn a ya fọ́tò, wọn a sì lọ láìkọ́ ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń fi òwú sí i. Irú rẹ gan-an ni wọ́n ń wá.

Abẹ́rẹ́ kì í ṣe ohun tí à ń pààrọ̀. Ìjẹ̀bú ni wá, a mọyì owó. Abẹ́rẹ́ kan kò ju owó gúgúrú lọ, kí la ó wá fi ṣòfò sí? Kéèsì bọ́bìn tí ẹnu abẹ́rẹ́ tó ti tẹ̀ yóò họ bàjẹ́ ló wọ́n, ìyẹn la ó rà. Wọ́n ń fi nọ́ńbà sí abẹ́rẹ́: 11 fún aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, 14 fún ankárá, 16 sókè fún jíǹsì àti aṣọ tó nípọn. Fi 11 kọlu aṣọ òkè, kí o fi 18 dá ihò sí ṣífọ́ọ̀nù. Ìdí abẹ́rẹ́ máṣìnnì ilé ní ẹ̀gbẹ́ kan tó pẹrẹsẹ, ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì yẹ kó kọjú sí. Yí i síbòmíràn. Yóò rán ibì kan, yóò fo ibi mẹ́ta, ìwọ yóò sì sọ pé ọnà tó lòde nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ìdí òwú gan-an la ti ń mọ ògbólógbòó òmùgọ̀. Láti 1846 tí Elias Howe, ará Amẹ́ríkà, ti gba ìwé àṣẹ lórí máṣìnnì tirẹ̀ ni òwú méjì ti ń ṣe iṣẹ́ yìí: ti òkè á bá abẹ́rẹ́ wọlẹ̀, ti bọ́bìn á pàdé rẹ̀, wọn á so kọ́ra láàárín aṣọ. Kí ti òkè má baà tú jù, àwo irin pẹlẹbẹ méjì wà níwájú tó ń fún un. Tẹ́nṣọ̀n ni àwọn télọ̀ ń pè é. Tí o bá gbé ẹsẹ̀ máṣìnnì sókè, àwo méjèèjì á lanu gba òwú. Tí o bá gbé e sílẹ̀, wọn á pa ẹnu dé. Nítorí náà, gbé e sílẹ̀ kí o tó fi òwú sí i. Òwú á jókòó síta gbangba. Wá máa rán.

Òkè aṣọ á mọ́ lójú. Dà á dé: ìsàlẹ̀ ti ta kókó wúruwùru, kò ṣeé fọwọ́ tú. Ìsàlẹ̀ ni kókó wà, àbí? Ìsàlẹ̀ ló jẹ̀bi nìyẹn. Yọ kéèsì bọ́bìn, mú ọ̀bẹ àlùbọ́sà, kí o fi yí síkúrù kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Yí i sọ́tùn-ún, rán an. Yí i sósì, rán an. Yí i títí yóò fi já bọ́, tí yóò yí wọ abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, tí gbogbo ilé yóò dojú bolẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì fóònù. Bí kò bá tún dáa, ìyá tó ń ránṣọ lódìkejì ọ̀nà ló ń wo ọ́ níwòkuwò.

Oníṣẹ́ máṣìnnì á dé. Á fi síkúrù padà sáyè rẹ̀, á gbé ẹsẹ̀ sókè, á fa òwú yọ, á tún un fi sí i, á fi rán àkísà kan. Ìlà náà á tọ́ gbọnrangandan. "Ẹ mú owó wá." Má bi í ní ohun tó ṣe, ìbéèrè a máa ba òmùgọ̀ jẹ́. Kó sáà ti yà sí kọ̀rọ̀, já òwú, gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀, kí o tún bẹ̀rẹ̀.

Eyín kéékèèké wà lábẹ́ aṣọ tó ń fà á lọ fúnra rẹ̀. Má jẹ́ kó dá a ṣe. Dì í mú lẹ́yìn, kí o fà á bí agbára rẹ bá ṣe tó, abẹ́rẹ́ á tẹ̀, á gún irin, á kán. Rí i pé o kò di ojú.

Òróró máṣìnnì kò wọ́n, ṣùgbọ́n òróró ẹ̀pà ti wà nílé. Rọ ọ́ sí gbogbo ihò; bó bá pẹ́, yóò gan, wíìlì kò ní yí mọ́. Iṣẹ́ ẹ̀yin ará Ogun Waterside ló rọrùn jù. Ní Ìwópìn àti Mákùn-Omi, atẹ́gùn ọ̀sà á bá yín dá ìpẹtà sí i lọ́fẹ̀ẹ́, bí ẹ kò bá sáà ti da nǹkan bò ó lálẹ́. Àwa ará Ìjẹ̀bú-Igbó níláti dúró de eruku ilé ìlagi.

Yóò wá ku ọjọ́ mẹ́ta. Alhaja tó kó léèsì ẹgbẹ́ wọn fún ọ á dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Aṣọ mi dà?" Kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Ó ku bọ́tìnnì." Aṣọ náà kò tíì ní apá, ṣùgbọ́n bọ́tìnnì ló kù. Bó bá padà dé lọ́jọ́ kejì, ní wọn ò mú iná wá. Bó bá bojú wo abẹ́ tábìlì, tó rí i pé ẹsẹ̀ lo fi ń wa máṣìnnì, ní iná tí o fi ń ríran lò ń wí. Bó bá wá nawọ́ sí oòrùn ọ̀sán gangan tó ń gba ojú fèrèsé wọlé, dìde, kí o lọ wá owó léèsì.