Oríkì Ẹ̀dínwó Owó-Orí, Akóṣẹ́sọdátítì

Ẹ̀yin èèyàn, ẹ fara balẹ̀,
Ẹni tí kò yẹ ní kíkì ni mo fẹ́ ki.
Wọ́n ti ki jagunjagun, wọ́n ti ki àgbẹ̀,
Wọ́n ti ki ìyálọ́jà tó fi èrè ọjà tọ́mọ yanjú.
Èmi ó ki Ẹ̀dínwó Owó-Orí,
Àkọ́bí àwọn gómìnà tó ń wá ìbò.
Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni n ó fi ki í, n ò ní bù mọ́ ọn.

Ẹ̀dínwó, Akóṣẹ́sọdátítì!
Kansas City nilé ẹ, nílẹ̀ Amẹ́ríkà,
Ìlú kan tó jókòó sórí ìpínlẹ̀ méjì:
Missouri lápá ìlà-oòrùn, Kansas lápá ìwọ̀-oòrùn.
Lápá gúúsù, títì ni ààlà wọn, State Line Road lorúkọ rẹ̀.
Ará Missouri a sọdá títì, a dé Kansas,
A ra ohun tó fẹ́ rà, a tún padà kí ọbẹ̀ tó jinná.
Orí títì yẹn lo ti fi ìpínlẹ̀ méjì ja ìjà ọ̀pọ̀ ọdún.

Applebee's, ilé-iṣẹ́ olóúnjẹ, wà ní Kansas jẹ́jẹ́.
Ní 2011, o fi owó Missouri fà á sọdá.
Missouri lùlù, Kansas káwọ́ lérí.
Ọdún yẹn kò tíì parí tí Kansas fi na owó tirẹ̀ jáde:
AMC, ilé-iṣẹ́ sinimá tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Kansas City ní 1920,
Gba ìlérí nǹkan bí 47 mílíọ̀nù dọ́là,
Ó kó olú-ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kúrò láàárín ìlú, ó gbé e lọ sí Leawood, ní Kansas.
Akọ̀wé tó ń ṣírò owó ní Missouri lánàá
Ni wọ́n kà sí iṣẹ́ tuntun ní Kansas lónìí.
Iṣu tí a kó láti àká kan sí èkejì kò sọ oko di ńlá.
Nígbà tó di 2015, Applebee's tún dìde,
Ó ní Glendale ní California lòun ń lọ.
Ẹ̀dínwó, Anáwó-fẹ́ni-tí-kò-ní-dúró!

Èyí tó dùn mí jù nínú oríkì ẹ rèé.
PEAK ni Kansas sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí ẹ ní 2009.
Òṣìṣẹ́ làágùn, oṣù parí,
Wọ́n yọ owó-orí ìpínlẹ̀ nínú owó rẹ̀.
Ó rò pé ó ti di ti ìjọba,
Pé yóò tún ọ̀nà ṣe, pé yóò san owó olùkọ́ ọmọ òun.
Òfin gba ọ̀gá rẹ̀ tó kó iṣẹ́ wá sí Kansas láyè láti mú ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún owó yẹn sápò,
Àwọn kan ń mú un bẹ́ẹ̀ títí dé ọdún mẹ́wàá.
Afowó-òṣìṣẹ́-ta-ọ̀gá-lọ́rẹ!
Oníbúrẹ́dì tí kò kúrò ládùúgbò láti ìgbà èwe rẹ̀,
Tó gba ọmọ àdúgbò síṣẹ́, tó san owó-orí rẹ̀ pé,
Kò rí nǹkan kan gbà lọ́wọ́ ẹ, nítorí kò sá lọ.

Àwọn tó lè jẹ nínú rẹ gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ pariwo.
Ní 2011, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ 17 kọ lẹ́tà sí gómìnà méjèèjì,
Sam Brownback ti Kansas, Jay Nixon ti Missouri,
Wọ́n ní kí wọ́n dá ìjà náà dúró.
Ní 2014, Missouri ṣòfin pé òun yóò ṣíwọ́ bí Kansas bá ṣíwọ́.
Kansas kò tẹ̀ lé e, ọdún méjì pé, òfin kú.
Owó tó bá ọ lọ ju 300 mílíọ̀nù dọ́là lọ
Kí gómìnà Mike Parson ti Missouri tó buwọ́ lu òfin ní oṣù kẹfà 2019,
Kí gómìnà Laura Kelly ti Kansas tó pàṣẹ tirẹ̀ ní oṣù kẹjọ:
Ẹni tó bá kó iṣẹ́ àtijọ́ sọdá ààlà kò ní gba ẹ̀dínwó mọ́,
Ẹni tó bá dá iṣẹ́ tuntun sílẹ̀ lè máa bọ̀.
Ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn méjèèjì yàtọ̀ síra, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ wọn ṣe ọ̀kan.
Àwọn méjèèjì yìí ni mo kí tìfẹ́tìfẹ́.

Ẹ̀yin ará ìlú gbogbo tí Ẹ̀dínwó ń kanlẹ̀kùn yín,
Kí gómìnà tó pe onílù, ẹ bi í léèrè:
Ta ni kò níṣẹ́ lánàá tí yóò níṣẹ́ lọ́la?
Àpò ta ni owó náà ti ń jáde?
Bí ilé-iṣẹ́ bá tún kẹ́rù lọ, ta ni yóò dá owó náà padà?
Gómìnà tí kò bá rí èsì fọ̀,
Ẹ má jẹ́ kó fi owó yín buwọ́ lùwé.