Sítóòfù Tí Ìyá Jù Nù Ni Ọmọ Ń Rà Nílùú Òtútù

Nínú gbogbo ẹrù tí ọmọ Yorùbá tó ń gbé ilẹ̀ Bìrìtéènì lè fowó rà, bóyá ni ọ̀kan wà tó máa ń ṣe ará ilé ní kàyéfì tó sítóòfù kékeré tí àwọn agunkè ń gbé dání nígbà òtútù, nítorí pé lójú ará ilé, ẹni tó ní yàrá tó móoru, tó wá di ẹrù sẹ́yìn lọ sùn nínú àgọ́ aláṣọ láàárín yìnyín, ó ní láti jẹ́ pé gbèsè ló ń sá fún tàbí pé àwọn ayé ló ń ṣe é. Kámpù tí ilé mọ̀ kò ju ti àwọn agùnbánirọ̀ àti ti ìjọ Rìdíìmù lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn lọ, oúnjẹ sì wà ní títà níbi méjèèjì. Lórí òkè Cairngorms ní Scotland, níbi tí òfin ilẹ̀ ti ọdún 2003 ti fàyè gba aráàlú láti pàgọ́ sùn bí wọn kò bá ti ba nǹkan jẹ́, kò sí onísúyà, kò sí ìyá alákàrà, omi pàápàá ti dì. Ooru tí yóò yọ́ kílò yìnyín kan di omi tútù nini tó èyí tí yóò gbé omi kan náà láti ìwọ̀n òdo dé ìwọ̀n 80 lórí òṣùwọ̀n Celsius, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹni tó bá ń yọ́ yìnyín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ se omi lẹ́ẹ̀mejì kó tó mu tíì ife kan.

Ọ̀kan nínú àwọn tó fúyẹ́ jù lọ́jà ni irin kékeré tí wọ́n ń yí mọ́ orí agolo gáàsì. PocketRocket 2, tí iléeṣẹ́ MSR ṣe, kò ju 73 giráàmù lọ. Ará ilé mọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dáadáa, ìyẹn sílíńdà kámpù gáàsì tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń se indomie nínú yàrá, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbé dé kámpù kankan rí. Ṣùgbọ́n gáàsì inú agolo omi ni, ó sì gbọ́dọ̀ di afẹ́fẹ́ kó tó lè jó. Bùtéènì, tó jẹ́ irú kan nínú rẹ̀, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ bí òtútù bá ti kọjá ìwọ̀n 0.5 sí ìsàlẹ̀ òdo, nígbà tí pùrópéènì lè fara da òtútù tó tó 42 sí ìsàlẹ̀ òdo, àmọ́ ìfúnpá rẹ̀, ìyẹn agbára tó fi ń ti ara agolo láti inú, pọ̀ débi pé irin tó nípọn tó sì wúwo nìkan ló lè gbà á lóun nìkan. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń po àwọn méjèèjì pọ̀, pùrópéènì a sì kọ́kọ́ jó tán, bí ìkòkò ọbẹ̀ òde ìnáwó tí àwọn tó tètè dé ti ṣa ẹran inú rẹ̀ jẹ, tó wá ku omi ọbẹ̀ fún ẹni tó pẹ́ lọ́nà. Kí agolo má baà kọṣẹ́ láàárọ̀, àwọn agunkè máa ń gbé e wọ inú àpò ìsùn, wọ́n a sì dì mọ́ ọn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́; bẹ́ẹ̀, nílé, ẹ̀yìn fèrèsé ni ìyá wọn gbé sílíńdà sí, tó sì ń kìlọ̀ fún àwọn ọmọdé pé kí wọ́n má sún mọ́ ọn.

Sítóòfù tó yẹ òtútù ní tòótọ́ ni sítóòfù pọ́ǹpù tí ń lo kẹrosíìnì, irú èyí tí Frans Lindqvist ṣe ní Sweden ní 1892, tí wọ́n sọ ní Primus, tí arìnrìn-àjò Roald Amundsen sì gbé dé Òpin Gúúsù ayé ní 1911. Ọwọ́ ènìyàn ló ń fún un ní ìfúnpá, kò gbára lé ojú ọjọ́. Olùlò yóò da epo díẹ̀ sínú àwo kékeré tó wà lábẹ́ ojú iná, yóò ṣáná sí i kí ọ̀pá epo lè gbóná, yóò pọ́ǹpù, bí ihò bá sì dí, yóò fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín tọ ojú rẹ̀ títí iná aláwọ̀ búlúù yóò fi hó yeee. Kò sí ìyá arúgbó kan ní Mushin tàbí Ìbàdàn tó lo irú rẹ̀ rí tí kò mọ iṣẹ́ yìí lójú oorun, inú rẹ̀ ló sì dùn jù lọ lọ́jọ́ tó gbé e sọ sí ààtàn tó ra gáàsì. Ọmọ rẹ̀ wá ń san ohun tó lé ní 100 pọ́n-ùn lórí àbúrò sítóòfù náà ní Glasgow. Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, owó náà kò ṣòfò: sítóòfù náà wúwo ju 300 giráàmù lọ láìka ìgò epo mọ́ ọn, ṣùgbọ́n 73 giráàmù tí ilé ìtajà ń pe ti onígáàsì kò ka agolo tí kò gbọ́ràn lótùútù mọ́ ọn. Ẹni tí kò ní sùn lórí òkè kò nílò èyíkéyìí nínú wọn. Fúláàsìkì omi gbígbóná ti tó o.

Ibi tí wọ́n ń dáná sí ṣe pàtàkì ju irú iná lọ, nítorí pé iná tó ń jó nínú àgọ́ tí a tì pa máa ń tú kábọ́ọ̀nù mọnọ́kísáìdì jáde, afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní òórùn tí kò sì ní àwọ̀, èyí kan náà tí jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n tàn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ fi ń pa agbolé lóru ní Nàìjíríà. Ìta àgọ́ ni kí a ti dáná, bí atẹ́gùn tilẹ̀ ń fẹ́.

Ní ti oúnjẹ, àwọn òyìnbó ń ra ẹran àti ìrẹsì tí wọ́n fa omi inú rẹ̀ gbẹ sínú ọ̀rá lówó gọbọi, nígbà tó jẹ́ pé gàrí ti gbẹ láti Ìjẹ̀bú wá, ó fúyẹ́, kò sì fẹ́ ju omi gbígbóná lọ. Èbà sì ni adájọ́ tí sítóòfù kò lè purọ́ fún: omi tí kò hó dáadáa yóò tú u fó ní gbangba. Àmàlà ló ṣòro, torí ẹsẹ̀ sítóòfù wọ̀nyí tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé bí ènìyàn bá fi omorogùn rò ó lẹ́ẹ̀mejì péré, ìkòkò yóò ti dojú dé sínú yìnyín, ìdí nìyí tí àwọn tó gbọ́n fi ń fi èlùbọ́ sílẹ̀ nílé.