Ilé-Iṣẹ́ Kan Tí Kò Kógbá Wọlé Rí ní Ìkẹjà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pariwo pé ilé-iṣẹ́ ti kú tán ní Ìkẹjà, ẹ ò tíì wò ó dáadáa ni. Lóòótọ́, Dunlop ò ṣe táyà níbẹ̀ mọ́ láti ọdún 2008. Iná tí kì í dúró àti dísù tó ń gbówó lórí sì ti lé àwọn mìíràn kúrò. Àmọ́ ilé-iṣẹ́ kan wà tí kì í lo dísù, tí kì í san owó orí, tí kì í sì í sinmi lọ́jọ́ Àìkú. Iṣẹ́ àjọṣe ni: àwọn ọ̀daràn ní ìpín tiwọn, àwọn kan nínú àwọn tó wọṣọ ìjọba náà ní ìpín tiwọn. Wọn kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Àbújá, ṣùgbọ́n ẹ bi awakọ̀ dánfó tó ń ná Pen Cinema sí Ìyànà Ìpájà, á júwe rẹ̀ fún yín.

Ilé-iṣẹ́ náà ti pẹ́. Lọ́dún 1986, adigunjalè kan, Lawrence Anini, ń fi ìlú Bìní ṣeré. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé Ààrẹ Babangida fúnra rẹ̀ bi ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá pé, Anini dà? Anini kò jìnnà. Ọ̀gá ọlọ́pàá kan, George Iyamu, ló ń tú àṣírí iṣẹ́ fún un, tó ń bá a wá ìbọn, tó sì ń gba ìpín tirẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kẹta ọdún 1987, ìbọn ìjọba pa àtolè àtọlọ́pàá. Àwọn àgbà ní agbépo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Ọdún yẹn nìkan ni mo mọ̀ tí ìjọba gba àwọn àgbà gbọ́. Wọ́n pa olùdarí kan, wọn ò yẹ ìwé ìṣirò wò, ọjà sì ń lọ.

Lọ́dún 1992, Simeon Danladi Midenda dá ikọ̀ SARS sílẹ̀ ní Èkó láti kojú adigunjalè. Ọlọ́pàá 15 péré ni wọ́n, pẹ̀lú ọkọ̀ méjì. Wọn kì í wọ aṣọ iṣẹ́, ọkọ̀ wọn kò ní àmì, kí olè má baà dá wọn mọ̀. Ọgbọ́n náà mà ṣiṣẹ́ o! Nígbà tó yá, aráàlú náà kò dá wọn mọ̀ yàtọ̀ sí olè. Ọkọ̀ tí kò ní nọ́ńbà á já lu ọ̀dọ́mọkùnrin ní Ìkẹjà Along, wọ́n á gba fóònù rẹ̀, wọ́n á ka iye tó wà ní báńkì rẹ̀, wọ́n á sì wà á lọ síbi ATM. Adigunjalè kò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àjọ Amnesty International nìkan ka ẹjọ́ ìfìyàjẹni àti ìpànìyàn 82 sí wọn lọ́rùn, láàárín oṣù Kìíní ọdún 2017 sí oṣù Karùn-ún ọdún 2020.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká gbàgbé ibi tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 2013, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Channels gbé fọ́rán kan jáde nípa Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ọlọ́pàá tó wà ní Ìkẹjà yìí kan náà, ìdọ̀tí ibẹ̀ sì ti gbogbo ayé lójú. Ààrẹ Jonathan sáré wá wò ó. Ọ̀kan nínú ohun tó bèèrè ni pé ta ló gba oníkámẹ́rà láàyè wọlé! Ẹni tí ìjọba tọ́ sínú irú ilé bẹ́ẹ̀, tó tún ń fowó ara rẹ̀ rán aṣọ iṣẹ́, ó di dandan kó wá ẹni tí yóò san án padà. Ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá ló ń fara da ìyà náà láìjalè. Àwọn wọ̀nyẹn kì í tètè gba ìgbéga.

Ní ti ìgbéga, ẹ wo ọ̀gá ọlọ́pàá Abba Kyari. Ó ti darí SARS Èkó rí, ikọ̀ rẹ̀ ló sì mú Evans ajínigbé ní Magodo lọ́dún 2017. Oríyìn rọ̀jò lé e lórí. Lọ́dún 2021, wọ́n fẹ̀sùn kàn án ní Amẹ́ríkà pé ó bá Hushpuppi oníjìbìtì ti ẹnì kan mọ́lé, ìjọba sì dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, ọlọ́pàá fà á lé NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ kokéènì kílò 25. Ó ní òun kò jẹ̀bi, kóòtù ni yóò sì sọ èyí tó jẹ́ òótọ́. Àmọ́ ẹ wo bí oṣù kan ṣe lè kún: inú oṣù Kejì yẹn gan-an ni ilé ẹjọ́ gíga Ìkẹjà sọ Evans sẹ́wọ̀n gbére. Ẹni tí wọ́n mú àti ọ̀gá àwọn tó mú un jọ wà ní àtìmọ́lé!

Àwọn oníbàárà ilé-iṣẹ́ náà, ìyẹn aráàlú, bínú lẹ́ẹ̀kan. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, nígbà ìsémọ́lé kòrónà, ẹ̀rù àwọn ẹgbẹ́ ọ̀daràn Awawa àti One Million Boys mú kí àwọn ará Agége dáná sun táyà, kí wọ́n máa ṣọ́ ara wọn mọ́jú. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá, ọ̀dọ́ dí Alausa pa láti takò SARS. Ìjọba tú SARS ká ní ọjọ́ 11 oṣù náà. Ní ọjọ́ 13, wọ́n kéde ikọ̀ SWAT láti rọ́pò rẹ̀. Pátákó ni wọ́n kùn. Ìgbìmọ̀ Adájọ́ Doris Okuwobi, tó gbọ́ ẹ̀sùn aráàlú lórí SARS ní Èkó, gba ìwé ẹ̀sùn 235, ó sì ní kí wọ́n san mílíọ̀nù 410 náírà fún èèyàn 70. Owó ta ni? Owó orí ẹ̀yin oníbàárà ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin aṣòfin, ẹ má fún wa lórúkọ tuntun mọ́. Èyí tá a ní ti pọ̀ jù. Ẹ ní kí ọlọ́pàá tó bá dá ọkọ̀ dúró máa gbé orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ sáyà. Ẹ ní kí àgọ́ ọlọ́pàá kọ̀ọ̀kan fi ìwé ìbọn rẹ̀ hàn: ta ló gbà á, ọjọ́ wo ló dá a padà. Ẹ̀yin òǹkàwé náà, bí ọlọ́pàá bá ní kẹ́ ẹ wá gba bẹ́èlì, ẹ rántí pé ọ̀fẹ́ ni, ara ògiri wọn ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ẹ ka ohun tó wà lára ògiri sétí ọ̀gá àgọ́, kẹ́ ẹ sì gba rìsíìtì bó bá ta kú pé òun á gbowó.